Ṣé kí a kó kúrò ní Texas nítorí ìbò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo. Ọdún 2020 la ra ilé wa ní Richmond, ní Fort Bend County, lẹ́bàá Houston. Ọmọ mẹ́ta la bí, àkọ́bí wa ti wà ní girama. Láti ìgbà tí Trump ti wọlé padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ọkàn ọkọ mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ó ní àsíá Trump tó wà níwájú ilé kejì sí tiwa ń dẹ́rù ba òun. Ó fẹ́ ká ta ilé, ká kó lọ sí Bowie ní Maryland, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, tí gbogbo wọn sì ń dìbò bíi tiwa. Ó ní bàbá òun fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ nígbà Wẹ́tiẹ̀, òun ò ní jókòó títí tòun náà á fi dé. Èmi ò fẹ́ lọ. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń kó lọ síbi tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn bá pọ̀ sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí lẹ rò pé ká ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo kí ẹ̀yin àti baálé yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí kí àlàyé tó gùn: bí èmi bá wà ní ipò yín, mi ò ní ta ilé yẹn nítorí ìbò. Ìdí mìíràn lè wà tí ẹ fi máa lọ, màá sì sọ àwọn tó tó nǹkan nínú wọn. Iṣẹ́ mi ni láti máa wo bí èèyàn ṣe ń ṣí láti ìlú kan sí òmíràn àti ohun tó ń lé wọn, irú ìbéèrè yín yìí sì máa ń pọ̀ lẹ́yìn gbogbo ìdìbò ààrẹ.

Ìbẹ̀rù baálé yín kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, bẹntiróòlù ni wọ́n ń dà sára ilé, sára mọ́tò, sára èèyàn, tí wọ́n sì ń ṣáná sí i. Àwọn ìlú kan wà tí ọmọ ẹgbẹ́ Akíntọ́lá ò lè sùn níbẹ̀, àwọn mìíràn wà tí ọmọ ẹgbẹ́ UPGA ò gbọ́dọ̀ dé. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí wọ́n kéde pé Ọmọ́boríowó ló borí Ajáṣin nínú ìdìbò gómìnà. Ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sá lóru nítorí ìbò ní ẹ̀tọ́ láti máa wo àsíá aládùúgbò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà báyìí yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Ẹni tó ń kó kúrò ní California lọ sí Idaho ń háyà ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń kó àga àti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sínú rẹ̀ lójú ọ̀sán, ó sì ti rí ilé tó dín owó sí ti tẹ́lẹ̀ kó tó gbéra. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, ìpinnu tí a máa ṣe ò ní dára.

Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ gbọ́ o. Oníròyìn kan tó ń gbé ní Austin, Bill Bishop, pẹ̀lú onímọ̀ ìṣirò tó ń jẹ́ Robert Cushing, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí síta ní 2008 tí gbogbo ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Wọ́n wo àwọn county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀, tí ẹnì kan ti fi ìbò 20 ó kéré tán nínú 100 ju alátakò rẹ̀ lọ, ìyẹn àwọn ibi tí kò sí ìjà gidi. Ní ọdún 1976, nígbà tí Carter àti Ford ń du ipò ààrẹ, nǹkan bíi 27 nínú 100 olùdìbò ló ń gbé nírú county bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi di 2004 tí Bush bá Kerry du ú, wọ́n ti di nǹkan bíi 48. Nítorí náà, kò sí àní-àní pé àwọn tó ń dìbò bákan náà túbọ̀ ń bá ara wọn nítòsí.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá gbọ́ iye yẹn, ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé àwọn kan dìde, wọ́n di ẹrù, wọ́n sì lọ wá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n county lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó nítorí ìṣèlú. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè yí èrò wọn padà. Àwọn àgbà lè máa kú kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18 máa dìbò lọ́nà mìíràn. Àwọn àlejò sì lè wá nítorí iṣẹ́ àti ilé, kí ìbò wọn tẹ̀lé wọn wá.

Ẹ wo West Virginia. Ní 1988, 1992 àti 1996, ẹgbẹ́ Democrat ni ìpínlẹ̀ yẹn dìbò fún. Ìlú àwọn awakùsà èédú ni, ìlú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Bush tó wà ní ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ Trump, gbà á ní 2000, kò sì padà mọ́. Ní 2024, nǹkan bíi 70 nínú 100 olùdìbò ibẹ̀ ló dìbò fún Trump. Ṣé àwọn Republican ló rọ́ wọ ibẹ̀ ni? Rárá. Ńṣe ni èèyàn ń dínkù níbẹ̀, débi pé ìkànìyàn ọdún 2020 gba ìjókòó kan lọ́wọ́ wọn ní ilé aṣòfin àpapọ̀. Àwọn ìdílé kan náà, nínú ilé kan náà, ni wọ́n yí padà.

Ẹ tún wo àdúgbò yín fúnra yín. Fort Bend dìbò fún Romney ti Republican ní 2012. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Hillary Clinton ti Democrat ló borí níbẹ̀. Biden náà borí ní 2020, ọdún tí ẹ ra ilé, Harris sì borí ní 2024, àmọ́ díẹ̀ ló fi ju Trump lọ. Àwọn tó yí county yẹn padà ni àwọn tó ń wá ilé tí agbára wọn ká, tó sún mọ́ iṣẹ́ Houston, tí ilé-ìwé rẹ̀ dára: àwọn ará Íńdíà, àwọn ará Ṣáínà, àwọn ará Pakistan, àwọn aláwọ̀ dúdú tó kúrò ní àárín Houston, àti àwọn ọmọ Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó lu agogo ìṣèlú fún wọn. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ẹ sì ń dìbò, ẹ wà lára ohun tó yí i padà, bẹ́ẹ̀ ilé oníyàrá mẹ́rin lẹ wá rà.

Àwọn onímọ̀ bíi Jacob Brown àti Ryan Enos, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ti tọpa ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò láti 2008 sí 2020. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni ìpínyà náà ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìpín tí kíkó láti ibì kan sí òmíràn kó nínú rẹ̀ kéré. Níbi tí Democrat ti ń lágbára sí i, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń forúkọ sílẹ̀ ló ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Níbi tí Republican ti ń lágbára sí i, àwọn tó fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí èkejì ni.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń pariwo kì í rántí: àwọn ará Amẹ́ríkà ò kó kiri bíi ti àtijọ́ mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1950, ẹnì kan nínú márùn-ún ló máa ń pààrọ̀ ilé láàárín ọdún kan. Lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọn ò tó 9 nínú 100. Lọ́dọọdún ni àjọ tó ń ka èèyàn máa ń bi àwọn tó kó léèrè ìdí tí wọ́n fi kó. Ilé ni wọ́n máa ń dárúkọ jù, ẹbí tẹ̀lé e, iṣẹ́ sì tẹ̀lé ìyẹn. Ìwé ìbéèrè wọn ní àyè fún ẹni tó kó nítorí ìgbéyàwó, nítorí ojú ọjọ́, nítorí àìlera, nítorí kí ó lè dín ìrìn ibiṣẹ́ kù. Ìṣèlú ò tilẹ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá dùn, tó sì yẹ kí ẹ̀yin àti baálé yín jọ jókòó tì, ni ti irú ilé tí èèyàn fẹ́ràn. Ní 2014, ilé ìwádìí Pew bi àwọn ará Amẹ́ríkà bóyá ó ṣe pàtàkì fún wọn láti gbé láàárín àwọn tó ní èrò òṣèlú bíi tiwọn. Nínú àwọn tó dúró gbọn-in sápá ọ̀tún, ìyẹn ìhà ti Republican, ìdajì ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àwọn tó dúró gbọn-in sápá òsì, ìhà ti Democrat, 35 nínú 100 ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wọ́n léèrè nípa ilé, láìdárúkọ ìṣèlú rárá: ṣé ẹ fẹ́ ilé kékeré tó fara kínra, tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ, àbí ilé ńlá tó jìnnà síra, kódà kí ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀bù wà ní máìlì mélòó kan sí i? Nínú àwọn apá òsì yẹn, 77 nínú 100 mú ilé kékeré. Nínú àwọn apá ọ̀tún, 75 nínú 100 mú ilé ńlá.

Ẹ rí i pé ilé fúnra rẹ̀ ti gbé ìbò dání. Ọkùnrin tó fẹ́ ilẹ̀ gbalasa, ibi tó lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré sí, tí ajá rẹ̀ á ti máa sáré, máa bá ara rẹ̀ láàárín àwọn Republican láìbéèrè ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́, tó fẹ́ kí ilé kọfí wà ní igun òpópónà, máa bá ara rẹ̀ láàárín àwọn Democrat. Àwọn méjèèjì á sọ fún yín pé ilé làwọn wá, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Bákan náà, nígbà tí Jonathan Mummolo àti Clayton Nall wádìí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, wọ́n rí i pé èèyàn á fi ẹnu sọ pé òun fẹ́ gbé láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, ṣùgbọ́n tó bá di pé kó ná owó gidi, ilé-ìwé ọmọ, ààbò àti iye owó ilé á ti ṣíwájú ẹgbẹ́.

Àwa Yorùbá náà ò yàtọ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní Texas ju ìpínlẹ̀ èyíkéyìí lọ ní Amẹ́ríkà. Ìgbà ìkẹyìn tí Texas sì dìbò fún Democrat fún ipò ààrẹ ni 1976. Gbogbo ọdún tí àwọn èèyàn wa fi ń ya wọ Houston, Dallas àti Austin ni ìpínlẹ̀ náà fi wà lọ́wọ́ Republican. Wọ́n wá nítorí epo, nítorí ilé-ìwé gíga, nítorí àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá, nítorí pé owó ilé kò wọ́n tó ti New York, àti nítorí ooru tó jọ tilé. Bí ìbò bá ń lé èèyàn bí wọ́n ṣe ń sọ, àdúgbò Alief ní Houston ì bá má kún fún ilé oúnjẹ àwọn Nàìjíríà.

Àwọn tó kó nítorí ìṣèlú gan-an wà o, ariwo wọn sì ju iye wọn lọ. Paul Chabot tó du ipò ilé aṣòfin ní California tí kò wọlé, kó ìdílé rẹ̀ lọ sí McKinney ní Texas, ó sì dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2017 láti máa bá àwọn Republican mìíràn wá ilé sí ibi tí èrò wọn ti pọ̀. Àwọn kan tó fẹ́ kí ìjọba kéré ti fẹnu kò ní 2003 pé New Hampshire làwọn á kó lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó 20,000 èèyàn jọ, ọdún 2016 ni àwọn tó ṣèlérí tó pé iye yẹn, àwọn tó kó lọ ní ti gidi ò sì tó bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ tí Trump kọ́kọ́ wọlé ní 2016, èèyàn rọ́ lọ sórí ojú òpó ìjọba Kánádà lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú débi pé ó dákú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló di ẹrù nínú wọn.

Ẹ̀rí kan wà láti Texas fúnra rẹ̀ tí mo fẹ́ràn láti máa sọ, nítorí ó tako ohun tí ìhà méjèèjì ń rò. Àwọn Republican ń bẹ̀rù pé àwọn tó ń bọ̀ láti California máa gba Texas lọ́wọ́ wọn, àwọn Democrat sì ń retí bẹ́ẹ̀. Ní 2018, tí Ted Cruz ti Republican àti Beto O'Rourke ti Democrat ń du ipò sẹ́nétọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn bi àwọn olùdìbò léèrè bí wọ́n ṣe ń jáde ní ibùdó ìdìbò. Nínú àwọn tí wọ́n bí sí Texas, O'Rourke ló borí, 51 sí 48. Nínú àwọn tó kó wá láti ibòmíràn, Cruz ló borí, 57 sí 42. Àwọn àlejò ló gbà á là.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n máa ń fi àwọ̀ pupa kun ìpínlẹ̀ tí Republican ti borí, tí wọ́n sì ń fi búlúù kun ti Democrat. Àwòrán yẹn ń fi nǹkan pa mọ́. Ní 2020, California ni Trump ti rí ìbò tó pọ̀ jù lọ, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, ó ju èyí tó rí ní Texas lọ. Biden náà rí ìbò tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ní Texas, ó sì fi díẹ̀ ju èyí tó rí ní New York lọ. Ní Maryland tí ẹ fẹ́ sá lọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò ló mú Trump ní 2024. Lóòótọ́ ni Prince George's County, níbi tí Bowie wà, jẹ́ ibùgbé Democrat pọ́nńbélé. Harris gba ohun tó lé ní 80 nínú 100 níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí baálé yín má ṣe rò pé gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló ń dìbò bíi tirẹ̀. Mo mọ àwọn tó dìbò fún Trump nítorí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́yún àti ìgbéyàwó, àwọn olóyè ìjọ, àwọn mùsùlùmí tó mú ẹ̀sìn wọn ní kókó. Wọn ò ní gbé àsíá síta, ṣùgbọ́n àjọ ni ẹ ó jọ máa jókòó níbi ìsọmọlórúkọ. Tí ẹ bá kó lọ torí kí ẹ má bàa gbọ́ èrò mìíràn, orí WhatsApp ẹbí ni ẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Kí ló wá yàtọ̀ láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì? Òfin ni. Èyí lẹ gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí ju àwọ̀ lọ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá ọ̀rọ̀ ìṣẹ́yún padà sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, Texas ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fòfin dè é tán, Maryland sì fàyè gbà á. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ mọ ohun tí ìyẹn lè túmọ̀ sí fún aboyún tí oyún rẹ̀ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ méjìlélógún tí dókítà ń bẹ̀rù ẹjọ́. Bí ẹ bá ṣì ń retí ọmọ, tí èyí tó kọjá sì la ewu lọ, mi ò ní bá yín jiyàn bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ lọ. Texas ò gba ètò tó fẹ ìlera ọ̀fẹ́ Medicaid fún àwọn àgbàlagbà tówó tó ń wọlé fún wọn kéré. Maryland ti gbà á láti 2014. Bí ìyá yín tàbí àbúrò yín tí kò ní iṣẹ́ tó dúró bá ń gbé pẹ̀lú yín, ìyẹn kan yín. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àgbàlagbà tí òfin ò kà léèwọ̀ lè gbé ìbọn kiri ní Texas láìgba ìwé àṣẹ. Maryland ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní apá kejì, Texas ò gba owó orí lórí owó oṣù yín. Maryland ń gbà á, Prince George's County tún ń gba tirẹ̀, nǹkan bíi 3%, lé e. Owó orí ilé ní Texas wúwo, ẹ ti mọ ìyẹn. Fún àkọ́bí yín tó wà ní girama, òfin Texas ti ọdún 1997 ṣì wà nílẹ̀: ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá tó ga jù ní kíláàsì rẹ̀ ní àyè wíwọlé sí yunifásítì ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Austin le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ yín bá ti ń ṣe dáadáa, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kékeré mú ìyẹn.

Lẹ́yìn òfin ìpínlẹ̀, àwọn ipò kéékèèké ni ìṣèlú tó ń kan ilé yín lójoojúmọ́. Ní Texas, olórí county ni wọ́n ń pè ní county judge, òun ló sì ń darí ètò nígbà ìjì àti ìkún omi. Ẹ bi àwọn tó wà ní Fort Bend nígbà Harvey ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, tí odò Brazos kún dé ẹnu ọ̀nà wọn, bóyá ipò yẹn kéré. Sheriff, olórí ọlọ́pàá county, ń wọlé nípa ìbò. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-ìwé àwọn ọmọ yín, tó ń pinnu ìwé tó máa wà ní yàrá ìkàwé, ń wọlé nípa ìbò, iye èèyàn tó ń jáde dìbò fún wọn sì máa ń kéré jọjọ. Ọgọ́rùn-ún ìdílé Yorùbá tó bá jáde lọ́jọ́ náà lè yí èsì padà. Ibi tí agbára yín pọ̀ sí jù lọ nìyẹn, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ lò ó, ibi yòówù kí ẹ gbé. Ó máa ń dùn mí bí àwọn èèyàn wa ṣe mọ gbogbo ohun tí Trump sọ lánàá, tí wọn ò mọ orúkọ ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ọmọ wọn.

Àwọn ilà tí wọ́n fi pín ẹkùn ìdìbò náà ń rìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, láìdúró de ìkànìyàn, ilé aṣòfin Texas tún àwọn ẹkùn wọn pín kí Republican lè rí ìjókòó márùn-ún sí i ní ilé aṣòfin àpapọ̀. Ní oṣù kọkànlá, àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí títún tiwọn pín kí Democrat náà lè rí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń sá tẹ̀lé ilà lè rà á tán kí ilà náà tún kọjá sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, ó sì wúwo. Ẹ ní 2020 lẹ ra ilé. Lásìkò yẹn, èlé owó ilé wà ní nǹkan bíi 3%. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó ti lé díẹ̀ ní 7%. Ká ní 300,000 dọ́là lẹ yá fún ọgbọ̀n ọdún: ní 3%, ẹ ń san nǹkan bíi 1,265 dọ́là lóṣù, láìka owó orí ilé àti ìdójútòfò (insurance) mọ́ ọn. Iye kan náà ní 7% á di 1,996. Ọgọ́rùn-ún méje dọ́là ó lé lóṣù nìyẹn, kí ilé má sì fi ìka kan tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé ní àgbègbè Washington wọ́n ju ti Richmond lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé tó bínú lẹ́yìn ìbò fi jókòó síbi tí wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ àsíá yẹn ni mo fi gbẹ̀yìn nítorí mo mọ̀ pé òun ló ń dun baálé yín jù. Ajẹ́ńtì ilé ò lè bá yín yẹ irú èèyàn tó wà ní àdúgbò wò. Òfin ilé gbígbé ti 1968 kà á léèwọ̀ láti darí oníbàárà nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn, àwọn tó mọṣẹ́ sì máa ń sá fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin lẹ máa wò ó fúnra yín. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjì Beryl mú iná lọ lọ́wọ́ ilé tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní agbègbè Houston, nínú ooru yẹn. Ta ló kan ilẹ̀kùn yín? Ta lẹ gba omi dídì lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tó fa wáyà jẹnẹrétọ̀ sí ilé yín? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ni àsíá yẹn wà lára wọn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá bi yín léèrè pé báwo lẹ ti jí láti ọdún tí ẹ ti dé, tí àwọn ọmọ yín ò ní ọ̀rẹ́ kan ní gbogbo òpópónà, ìdí láti kó nìyẹn ní tòótọ́, ìbò ò sì sí nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti halẹ̀ mọ́ yín tàbí mọ́ ọmọ yín, ẹ kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, ẹ fi tó àwọn agbófinró létí, ẹ má sì jẹ́ kí ìṣirò owó kankan dá yín dúró níbẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù fún àwọn ọmọ wa yàtọ̀ sí ti baálé yín. Ní 2021, Brown àti Enos tẹ ìwádìí kan jáde lórí 180 mílíọ̀nù olùdìbò, wọ́n fi ibùgbé oníkálukú wé ti àwọn tó sún mọ́ ọn jù lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló wà tí wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní aládùúgbò kan láti ẹgbẹ́ kejì. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ á máa rò pé ẹhànnà ni àwọn tó ń dìbò lọ́nà mìíràn. Fort Bend, níbi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí ọmọ ti lè rí ìhà méjèèjì kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn láìdi ọ̀tá. Mo ka ìyẹn sí ọrọ̀.

Bí ẹ bá jókòó sọ gbogbo èyí tán tí baálé yín ṣì ní ọkàn òun ò lè balẹ̀, ẹ má fi agídí dì í mú, àmọ́ ẹ má ta ilé. Ẹ fi í fún ayálégbé. Texas àti Maryland wà nínú àdéhùn kan náà lórí ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì, nítorí náà iṣẹ́ yín ò ní dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gba ti Maryland láìpẹ́ tí ẹ bá ti di ará ibẹ̀. Kí baálé yín kọ́kọ́ wá iṣẹ́ kó tó di pé ẹ kó ọmọ dání, nítorí iṣẹ́ epo ò sí ní Bowie. Ẹ yá ilé gbé níbẹ̀ fún ọdún ilé-ìwé kan gbáko, kí ẹ rí ìgbà òtútù rẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ rẹ̀, àti iye tó ń kù lọ́wọ́ yín lóṣù lẹ́yìn owó orí. Bí ó bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè wá sọ̀rọ̀ títa nígbà náà. Tí ẹ bá ta ti Richmond lónìí, èlé 3% yẹn lọ nìyẹn, báńkì kankan ò ní fún yín ní irú rẹ̀ mọ́ báyìí.